Abẹ́rẹ́ tẹmọ́mítà mi ń parọ́. Báwo lẹ ṣe ń yẹ tiyín wò kí ẹran tó wọ inú èéfín?

Ọkọ_Àìná (Houston)
Ọjọ́rú, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin aláyan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo fi èéfín yan odidi tòlótòló kan fún àwọn àna mi. Mo ki abẹ́rẹ́ tẹmọ́mítà tó ní wáyà bọ inú itan rẹ̀, mo sì jókòó tì í láti àárọ̀. Nígbà tí ojú ẹ̀rọ náà pe 165 Fahrenheit, ìyẹn 74 Celsius tí ìjọba Amẹ́ríkà ní kí ẹran ẹyẹ dé kó tó ṣeé jẹ, mo gbé e kúrò lórí iná, mo gbé e síwájú àgbà. Bàbá ìyàwó mi fi ọ̀bẹ la ibi tí itan ti so mọ́ ara. Ẹran ibẹ̀ ń dán, ó ń yọ̀, àfi bí ẹni pé alápatà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e fún wa ni. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn rọra ti àwo náà sápá kan, wọ́n ní kí ìyàwó mi bu ìrẹsì kún tàwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní àna á mọ̀ pé èyí dunni ju èébú lọ.

Mo sáré mú tẹmọ́mítà kékeré ọlọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ mú gún oúnjẹ, tó wà ní kíṣìnì, mo gún un sójú ibẹ̀ gan-an: 151. Dígírì 14 ni ìyàtọ̀ wọn!

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yìí, màmá mi ń pé 70. Igẹ̀ màlúù oníwọ̀n pọ́ùn 14 ti wà nínú fíríjì, alẹ́ Ẹtì ni yóò wọ inú smoker, ààrò tí mo fi ń fi èéfín yan ẹran. Tẹmọ́mítà mẹ́rin ni mo ní: ọ̀kan tó ní ọwọ́ bíi ti aago lójú ìdérí smoker, méjì tó ní abẹ́rẹ́ àti wáyà, àti kékeré ọlọ́wọ́ yẹn. N ò mọ èwo ni kí n gbà gbọ́ mọ́. Àní èyí tó pe 151 yẹn, ta ló sọ pé òun náà kò parọ́?

Ògbólógbòó (Dallas)
Ọjọ́rú, 9:31 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, ọkọ ìyàwó. Ojú á ti tini lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n kí n sọ tinú mi: ẹ̀rọ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ yín. Ìyá mi yan ẹran ìgbẹ́ tà lójú ọ̀nà Orè títí wọ́n fi dàgbà. Ọ̀yà, ẹtu, gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ àti imú wọn nìkan ni tẹmọ́mítà tí wọ́n ní. Wọ́n á fi ìka tẹ ẹ́, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, ó parí. N ò gbọ́ kí oníbàárà kan padà wá sọ pé inú ń run òun.

Ìyá_Kíṣìnì (Peckham)
Ọjọ́bọ̀, 12:40 òru

Ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ tiwa, ẹ káàárọ̀. Kí n tó sáré lọ síbi iṣẹ́.

Ọkọ Àìná, kíṣìnì ilé ìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé la máa ń yẹ tẹmọ́mítà wò, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé, torí àwọn tó ń bẹ ilé oúnjẹ wò kì í tíì jókòó kí wọ́n tó bèèrè ìwé yẹn. Omi yìnyín àti omi híhó la fi ń ṣe é. Ìlànà àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ níbí ni pé nínú omi yìnyín, kó wà láàárín -1 sí 1 Celsius. Nínú omi híhó, 99 sí 101. Èyí tó bá ti yà kúrò níbẹ̀, ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ jù ú nù.

Ìdí tá a fi ń lo yìnyín ni pé níwọ̀n ìgbà tí omi àti yìnyín bá ṣì jọ wà nínú ife kan, 0 Celsius ni, 32 Fahrenheit, ì báà jẹ́ Peckham, ì báà jẹ́ Houston. Kò sí owó tẹ́ ẹ máa ná. Ẹ ṣe é kí ẹ tó fọwọ́ kan igẹ̀ màlúù yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Ògbólógbòó, mo kí yín. Mo máa padà wá sórí ọ̀rọ̀ màmá lọ́sàn-án.

Ọkọ_Àìná (Houston)
Ọjọ́bọ̀, 7:05 àárọ̀

Mo ti ṣe é, ó sì wá dà mí lójú rú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo bu omi kún ife, mo sọ kóró yìnyín mẹ́fà sí i, mo ju àwọn abẹ́rẹ́ náà sínú rẹ̀.

Ọlọ́wọ́: 39. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́: 39. Abẹ́rẹ́ kejì, èyí tó dójú tì mí: 48.

Kò séyìí tó sún mọ́ 32. Ṣé gbogbo wọn ló ti bàjẹ́ ni?

Gbénró_Wáyà (Ìbàdàn)
Ọjọ́bọ̀, 7:33 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ju ohunkóhun nù. Ife yín ló parọ́.

Omi tó wà ní 4 Celsius ló wúwo jù nínú gbogbo omi. Òun ló máa ń rì sísàlẹ̀, tí yìnyín á máa léfòó lókè. Ẹ ju abẹ́rẹ́ sísàlẹ̀ ife, ó sì wọn omi 4 Celsius fún yín. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí Fahrenheit, 39 ló máa bọ́ sí. Méjì nínú àwọn tẹmọ́mítà yín sọ ohun tí wọ́n rí gẹ́lẹ́.

Ẹ fọ́ yìnyín náà wẹ́wẹ́. Ẹ dì í kún ife láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu kí ẹ tó bu omi sí i rárá. Omi tútù díẹ̀ ni, ìwọ̀nba èyí tó máa dí àlàfo àárín yìnyín. Tẹ́ ẹ bá rí i pé omi nìkan ló wà nísàlẹ̀, ẹ dà á dànù, ẹ fi yìnyín kún un. Ẹ rò ó, ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú 2, ẹ wá ki abẹ́rẹ́ bọ àárín gbùngbùn, kí ṣóńṣó rẹ̀ má kan ara ife, kó má kan ìsàlẹ̀. Ẹ máa fi rò ó díẹ̀díẹ̀ títí nọ́ńbà á fi dúró.

Ohun kan ṣì wà o. Irin nìkan ni kó wọ omi. Ibi tí wáyà ti wọ inú irin kò gbọdọ̀ tutù. Ẹ dá mi lóhùn: báwo lẹ ṣe ń fọ abẹ́rẹ́ kejì yẹn tẹ́ ẹ bá lò ó tán?

Baba_Ẹlẹ́ja (Ìkòròdú)
Ọjọ́bọ̀, 8:10 àárọ̀

Ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ ẹran. Ẹja àrọ̀ ni mo ń yan ní tèmi.

Ẹ̀yin ará òkè òkun ń ronú bẹ́ ẹ ṣe máa fọ́ yìnyín. Píọ̀ wọ́tà tó dì gbagidi nínú fírísà ni tiwa níbí. Mo fi àkísà wé méjì, mo fi ọmọ odó lù wọ́n tìmù tìmù. Tẹ́ ẹ bá mọ ọwọ́ lù, nylon rẹ̀ kò ní já, yìnyín á ti wẹ́ bí gaàrí. Mo wá fi tẹmọ́mítà kékeré tí ọmọ mi rà fún mi sí i: 0.3 Celsius. Inú mi dùn.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ gan-an ni aláago tó wà lójú ilẹ̀kùn ààrò onírin tí mo fi ń yanja. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á ni mo ti gbójú lé e. Ṣé irú ìyẹn náà ṣeé yẹ̀ wò?

Ṣèyí_Tuntun (Abẹ́òkúta)
Ọjọ́bọ̀, 8:24 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi náà ṣe é báyìí, -6 ló gbé jáde. Mo fi iyọ̀ sí yìnyín kó má bàa tètè yọ́.

Ìyá_Kíṣìnì (Peckham)
Ọjọ́bọ̀, 8:29 àárọ̀

Ṣèyí ọmọ mi, áìsìkiriìmù lo fẹ́ ṣe yẹn. Iyọ̀ máa ń fa yìnyín lọ sísàlẹ̀ 0, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó máa dúró sí, ó di ọwọ́ bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó. Da gbogbo rẹ̀ nù, fọ ife náà dáadáa, fi omi tó mọ́ ṣe é.

Ó yá, mo ti wà níbi ìsinmi ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n Ògbólógbòó, ẹran tí màmá yín yan, ṣebí wọ́n ń gbẹ ẹ́ títí á fi le ni? Ẹni tó bá rà á á gbé e délé, á fi omi gbóná fọ̀ ọ́, á tún sè é nínú ọbẹ̀ títí á fi rọ̀. Iná ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló ń bá màmá ṣe iṣẹ́ tẹmọ́mítà. Tòlótòló ọkọ Àìná ní tiẹ̀, láti inú èéfín ló ti bọ́ sórí àwo. Kò sí ọbẹ̀ tó máa gbà á sílẹ̀. Èéfín tí iná rẹ̀ rọra ń jó sì máa ń jẹ́ kí ẹran pẹ́ láàárín 4 sí 60 Celsius, níbi tí kòkòrò àìfojúrí ti ń bí sí i bí ẹni pé wọ́n sanwó fún un.

Ògbólógbòó (Dallas)
Ọjọ́bọ̀, 9:02 àárọ̀

Ẹ̀ẹ́ẹ̀n, ẹ ti mú mi níbẹ̀. N ò rò ó dé ibi ọbẹ̀. Mo gbà fún adìẹ àti tòlótòló.

Ẹ má wulẹ̀ wá sọ fún mi pé nọ́ńbà ló ń mú igẹ̀ màlúù jinná o. A ṣì máa sọ ìyẹn.

Àkànní_Olókè (Denver)
Ọjọ́bọ̀, 11:48 àárọ̀

Mo ka gbogbo èyí, mo dìde, mo gbé omi kaná. Omi ń hó yaya, tẹmọ́mítà mi pe 203. Mo mú òmíràn, 203. Lọ́dún tó kọjá, mo ti ju méjì nù nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, torí pé 212 Fahrenheit, ìyẹn 100 Celsius, ni wọ́n kọ sínú ìwé tó bá a wá. Ṣé omi ilé mi ni kò dáa ni àbí kí ni?

Gbénró_Wáyà (Ìbàdàn)
Ọjọ́bọ̀, 12:15 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ pẹ̀lẹ́ fún owó yín tó ṣòfò. Àwọn méjì tẹ́ ẹ jù nù ò ṣẹ̀ yín rárá.

Denver fi nǹkan bí mítà 1,600 ga ju ojú òkun lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣe ga tó ni afẹ́fẹ́ tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù, omi á sì tètè hó. Ẹ fojú díwọ̀n rẹ̀ pé mítà 300 kọ̀ọ̀kan yọ nǹkan bí Celsius 1 kúrò. Nǹkan bí 95 Celsius ni omi ti ń hó lọ́dọ̀ yín, ìyẹn 203 Fahrenheit. Tẹmọ́mítà yín pé. Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sí Jos, nǹkan bí 96 lẹ máa rí. Èmi tí mo wà n'Ìbàdàn níbí, ó máa ń fi díẹ̀ dín ní 100. Yìnyín ò mọ òkè, kò mọ ilẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé ka tábìlì. Omi híhó ló tẹ̀ lé e, ẹni tó bá sì máa lò ó gbọ́dọ̀ mọ bí ìlú òun ṣe ga tó.

Ẹ̀rín kékeré kan: nígbà tí Anders Celsius gbé òṣùwọ̀n tiẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1742, omi híhó ló fi 0 fún, tó wá fún yìnyín ní 100. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n yí i padà. Ká ní wọn ò yí i ni, ẹ̀gbọ́n Ọkọ Àìná ì bá máa retí kí nọ́ńbà máa lọ sílẹ̀ títí ẹran á fi jinná.

Àkànní_Olókè (Denver)
Ọjọ́bọ̀, 12:22 ọ̀sán

Ẹ dúró ná. Tí omi bá ń hó ní 203 lọ́dọ̀ mi, ẹran tómi kún inú rẹ̀ máa ṣe dé 203 tí gbogbo ayé ní ká mú igẹ̀ màlúù dé?

Ìdí nìyẹn! Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fi ìdúróde 203 sọ ẹran di igi ìdáná!

Ògbólógbòó (Dallas)
Ọjọ́bọ̀, 12:30 ọ̀sán

Mo ti sọ fún yín. Ó wà lókè níbẹ̀.

Ọkọ_Àìná (Houston)
Ọjọ́bọ̀, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ti ibi iṣẹ́ dé. N ò lọ́mọ odó, mo fi aṣọ ìnura wé yìnyín, mo fi òòlù fọ́ ọ lórí kọnkéré ẹ̀yìn ilé. Ajá aládùúgbò gbó mí títí mo fi parí. Mo dì í kún ife bí Gbénró ṣe wí.

Ọlọ́wọ́: 32. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́: 33. Abẹ́rẹ́ kejì: 41.

Mo gbé omi kaná. Houston kò ga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Ọlọ́wọ́ pe 212, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ 211, abẹ́rẹ́ kejì 226.

Gbénró, o bèèrè bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́. Kí n jẹ́wọ́. Inú ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ ni mo máa ń kó wọn sí, èyí kejì sì ti wọ ibẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àkọ́kọ́ ṣì tuntun, kò tíì wọ ibẹ̀ rí.

Ṣé mi ò kàn lè máa yọ 9 kúrò nínú ohun tí kejì bá sọ?

Gbénró_Wáyà (Ìbàdàn)
Ọjọ́bọ̀, 7:12 ìrọ̀lẹ́

Mo ti fura. Iṣẹ́ àtúnṣe tẹlifóònù àti rédíò ni mo ń ṣe, omi ni ọ̀tá wa.

Inú ṣóńṣó abẹ́rẹ́ yẹn, nǹkan kékeré kan ń bẹ níbẹ̀ tí kò tó hóró ìrẹsì. Iná tín-ín-rín kan láti ara bátìrì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ó bá tutù, ó máa ń dí iná náà lọ́nà. Bí ó bá gbóná, ó máa ń yà fún un. Ẹ̀rọ ò rí ẹran, iná tó kọjá ló ń rí, òun ló fi ń ṣírò ìgbóná. Omi tó bá gba ẹnu irin wọlé láti ara wáyà máa ń la ọ̀nà ẹ̀bùrú fún iná. Iná tó ń kọjá á wá pọ̀ sí i, ẹ̀rọ á ní, ‘áà, ibí yìí gbóná o.’ Bó ṣe sọ fún yín pé itan tòlótòló ti jinná nìyẹn.

Nípa yíyọ 9: ẹ wo nọ́ńbà yín. Nínú yìnyín, ó fi 9 lé. Nínú omi híhó, ó fi 14 lé. Èwo lẹ máa yọ ní 165? Ọ̀la ńkọ́, tí omi inú rẹ̀ bá ti rìn síbòmíì? Tẹmọ́mítà tó bá fi dígírì 2 lé níbi méjèèjì, ẹ lè kọ ‘yọ 2’ sára bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àwọn ẹlòmíì tilẹ̀ ní ibi tẹ́ ẹ ti lè tún nọ́ńbà ṣe nínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n èyí tí àléébù rẹ̀ ń rìn kiri, kò ṣeé yọ.

Ẹ gbìyànjú èyí: ẹ fi irin àti wáyà sínú ófùnù tó wà ní nǹkan bí 250 Fahrenheit fún wákàtí 3. Kí orí rẹ̀ tó ń wọ ẹ̀rọ wà níta, torí oníke ni. Tí omi bá lè gbẹ, á gbẹ. Kí ẹ tún gbé e padà sínú yìnyín.

Ìyá_Kíṣìnì (Peckham)
Ọjọ́bọ̀, 7:20 ìrọ̀lẹ́

Oorun ti ń kùn mí, ṣùgbọ́n kí n sọ èyí. Ní kíṣìnì tiwa, èyí tó bá ti fi 9 yà, pàǹtí ni. A kì í gbẹ ẹ́. Owó tuntun kan kò tó owó ọmọ mẹ́ta tí wọ́n ń bì.

Gbénró_Wáyà (Ìbàdàn)
Ọjọ́bọ̀, 7:24 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ni, màmá. Ẹ̀yin ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Tí ẹ̀gbọ́n bá gbẹ ẹ́ tó sì pé, kí wọ́n fi wo afẹ́fẹ́ inú smoker, kí wọ́n má ki í bọ ẹran.

Ìyá_Kíṣìnì (Peckham)
Ọjọ́bọ̀, 7:25 ìrọ̀lẹ́

Ìyẹn dùn-ún gbọ́. Ó dàárọ̀.

Gbénró_Wáyà (Ìbàdàn)
Ọjọ́ Ẹtì, 3:40 òru

Baba Ẹlẹ́ja, ẹ má bínú, mo gbàgbé ìbéèrè yín. Aláago ojú ilẹ̀kùn yẹn ṣeé yẹ̀ wò dáadáa. Ẹ tú u kúrò lójú ilẹ̀kùn nígbà tí ààrò bá tutù. Irin méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ló wà nínú ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀kan máa ń gùn ju èkejì lọ tí iná bá kàn wọ́n, wọ́n á sì lọ́, lílọ́ yẹn ló ń ti ọwọ́ aago. Nítorí pé ọ̀pá náà ló ń gbọ́ ooru, tí kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀ nìkan, ẹ rì í jìn sínú omi híhó, kí ojú aago wà lókè. Ìkòròdú kò ga, 100 ló yẹ kó pe. Tí kò bá pé, ẹ yí ojú aago rẹ̀ padà: nọ́ọ̀tì kan máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di nọ́ọ̀tì náà mú, kí ẹ yí ojú aago títí ọwọ́ rẹ̀ á fi dé 100 nígbà tó ṣì wà nínú omi. Àwọn kan ò ní nọ́ọ̀tì o.

Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Àìná, ẹ tú ti ojú ìdérí smoker yín náà wò.

Ọkọ_Àìná (Houston)
Ọjọ́ Ẹtì, 10:05 alẹ́

Mo tú u. Nínú omi híhó, 190 ló pè. Tí mo bá ń rò pé mo wà ní 228, 250 ni mo wà. Gbogbo ìgbà tí ìyàwó mi ń sọ pé apá ibi iná ẹran mi máa ń gan, mo ní igi oak ni. Tèmi ò ní nọ́ọ̀tì lẹ́yìn. Mo fi téèpù bo ojú rẹ̀, kó má máa wò mí.

Abẹ́rẹ́ kejì tó gbẹ nínú ófùnù: yìnyín 33, omi híhó 213. Ó jí! Síbẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ni mo máa fi wò. Mo fi kílíìpù mú un mọ́ irin tí ẹran máa jókòó lé, mo fi àlàfo tó tó ìka mẹ́ta sáàárín òun àti ẹran, torí mo rí i nígbà kan pé tó bá sún mọ́ ọn jù, òtútù ara ẹran ló ń kà.

Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ wọ inú ẹran, níbi tó nípọn jù, mo yẹra fún ọ̀rá. Aago 10 alẹ́, ó wọlé. Iyọ̀ àti ata dúdú nìkan. Mo máa tọ́jú yàjì dìgbà tí mo bá gé e.

Ògbólógbòó (Dallas)
Ọjọ́ Ẹtì, 10:20 alẹ́

Ó dáa, ọ̀rọ̀ tèmi ti tó sọ wàyí. Igẹ̀ màlúù yìí, ó ti ṣeé jẹ lójú òfin tipẹ́ kó tó rọ̀. Ìjọba ní 145, kó sì sinmi fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ gé e ní 145 kẹ́ ẹ wò ó, bàtà lẹ máa jẹ. Iṣan funfun tó so ó pọ̀ ló gbọ́dọ̀ yọ́, bíi ti omi ẹsẹ̀ màlúù tó máa ń dì nínú fíríjì. Ó sábà máa ń yọ́ tán láàárín 195 sí 205, ṣùgbọ́n màlúù kan kì í ṣe màlúù kejì. Tó bá dé 195, ẹ mú ọlọ́wọ́ yín, ẹ máa gún un káàkiri. Ẹ má wo nọ́ńbà. Ẹ gbọ́ ohun tí ọwọ́ yín ń sọ: kó wọlé bí ìgbà tí èèyàn gún mọ́ínmọ́ín tó ti jinná. Tó bá ń fà yín lọ́wọ́, kò tíì ṣe.

Lọ́wọ́ òru, ó máa dúró gbọin níbì kan láàárín 150 sí 170, wákàtí á máa lọ, kò ní gòkè. Ẹ má fọwọ́ kan iná. Ẹran ń làágùn ni, òógùn náà ló ń tù ú. Ẹ fi bébà alápatà wé e, kí ẹ padà lọ sùn.

Ọkọ_Àìná (Houston)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:38 àárọ̀

158. Láti aago 4 ló ti wà níbẹ̀. Ká ní n kò fi yìnyín yẹ abẹ́rẹ́ yìí wò ni, mi ò bá ti máa gbá a létí báyìí. Ẹ̀gbọ́n, mo ń wé e.

Ọkọ_Àìná (Houston)
Ọjọ́ Àìkú, 1:10 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Kò ṣeé ṣe láti kọ̀wé lánàá, èrò pọ̀.

Aago 1:30 ọ̀sán ni abẹ́rẹ́ pe 200. Mo gún un káàkiri pẹ̀lú ọlọ́wọ́: 203 níbi tó sanra, 201 láàárín, 196 ní igun tó tẹ́ẹ́rẹ́, ibẹ̀ sì ń fa ọwọ́ mi. Mo fi ìṣẹ́jú 40 kún un. Ìgbà tí mo padà gún igun yẹn, àfi mọ́ínmọ́ín lóòótọ́. Mo fi aṣọ ìnura wé e sínú kúlà títí di aago 4.

Bàbá ìyàwó mi wà níbẹ̀. Wọ́n gé ẹyọ kan, wọ́n gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n ní, ‘Eléyìí jinná.’ Ìyẹn nìkan ni. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí wọ́n ń sọ fún ìyàwó mi kó di díẹ̀ fún àwọn lọ sílé.

Màmá ní yàjì náà pọ̀ jù.

Baba_Ẹlẹ́ja (Ìkòròdú)
Ọjọ́ Àìkú, 2:26 ọ̀sán

A dúpẹ́ o. Màmá á ṣe púpọ̀ láyé.

Mo tú aláago mi. Nínú omi tó ń hó yaya, 78 ló dúró sí. Tí mo bá ń sọ pé mo ń yanja ní 80, mo ti kọjá 100. Abájọ tí awọ rẹ̀ máa ń ya kí inú tó gbẹ, tí èédú kì í sì í tó mi. Nọ́ọ̀tì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ti dógùn-ún, kò yí.

Gbénró_Wáyà (Ìbàdàn)
Ọjọ́ Àìkú, 2:41 ọ̀sán

Ẹ kán epo ẹ̀rọ sí i lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi sílẹ̀ di alẹ́. Ẹ má fi tipátipá yí i, ọ̀pá rẹ̀ á ṣẹ́. Ẹ nu epo náà kúrò dáadáa kó tó padà sójú ilẹ̀kùn.

Baba_Ẹlẹ́ja (Ìkòròdú)
Ọjọ́ Ajé, 5:52 àárọ̀

Ó ti yí. 99 nínú omi híhó. Mo ti da iyọ̀ sí ẹja, wọ́n ti wọlé.